Ta Ni Yóò Kọ́kọ́ Kúrò Lójú Pápá?

Ní ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ 24 oṣù Kejì ọdún 2024, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ti yunifásítì Wake Forest borí ẹgbẹ́ yunifásítì Duke ní àmì 83 sí 79, ní ìlú Winston-Salem, ní ìpínlẹ̀ North Carolina ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Eré kò tíì fi bẹ́ẹ̀ parí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń ya bo orí pápá láti ọ̀tún àti òsì bí àgbàrá òjò. Kyle Filipowski, ọ̀dọ́mọkùnrin Duke kan tí ó ga ju mítà 2 lọ, wà láàárín pápá nígbà náà. Ibi tí ó ti ń gbìyànjú láti padà sọ́dọ̀ àwọn tirẹ̀ ni àwọn tí ń sáré bọ̀ ti kọlù ú. Ó fara pa lẹ́sẹ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ní láti dì í mú lápá méjèèjì kí ó tó lè jáde. A dúpẹ́ pé kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ó tún gbá bọ́ọ̀lù nínú eré tí ó tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n inú Jon Scheyer, akọ́nimọ̀ọ́gbá rẹ̀, kò dùn rárá. Ó béèrè lọ́wọ́ àwọn oníròyìn pé ìgbà wo ni a óò fòfin de àṣà yìí. Ó ní nígbà tí òun fúnra òun ń gbá bọ́ọ̀lù, àwọn ènìyàn ṣì máa ń dúró díẹ̀ kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀. Nísinsìnyí, aago kò tíì dún tán tí wọ́n ti wà lórí pápá.

Ẹnì kan lè bi mí pé kí ni ó kan olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì kan ní Kétu nínú ayọ̀ àti ìbínú àwọn ọmọ Amẹ́ríkà. Ìgbà tí mo wà ní yunifásítì Abomey-Calavi ni ó bẹ̀rẹ̀. Mo ń wá ohun tí n óò máa gbọ́ kí etí mi lè mọ bí àwọn ará ibẹ̀ ti ń gé ọ̀rọ̀ sọ, ọ̀rẹ́ mi kan sì ní kí n máa tẹ́tí sí àwọn tí ń ròyìn eré ìdárayá wọn, nítorí pé ẹnu wọn kì í sinmi. Etí mi là lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ojú mi náà là sí eré ọ̀hún, n kò sì tíì lè fi í sílẹ̀ títí di òní, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òru ni ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ máa ń bọ́ sí lọ́dọ̀ wa, tí ọkọ mi sì máa ń bi mí bóyá ojú oorun ni mo fẹ́ gbé lọ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ibẹ̀ ti rí fún ẹni tí kò bá wò ó rí. Pápá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ kò tóbi bí ti bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀. Ti àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà kò ju nǹkan bí mítà 28 àti ààbọ̀ ní gígùn àti mítà 15 ní ìbú lọ. Pákó dídán ni ilẹ̀ rẹ̀, inú gbọ̀ngàn ni ó sì wà. Kò sí ọgbà, kò sí kòtò láàárín ẹni tí ń gbá a àti ẹni tí ń wò ó. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gan-an ni wọ́n sábà máa ń fi sí ìsàlẹ̀ pátápátá, ní etí pápá, nítorí pé ariwo wọn wúlò fún ẹgbẹ́ onílé. Nígbà tí ẹgbẹ́ tí a kò kà sí bá wá borí ẹgbẹ́ ńlá, ìṣísẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin péré ni ó wà láàárín ìjókòó wọn àti àárín pápá. Àwọn àlejò tí a ṣẹ́gun ní láti gba inú èrò yẹn kọjá kí wọ́n tó dé ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo tí ó lọ sí yàrá ìmúra wọn.

Oṣù kan péré ṣáájú ti Filipowski, irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí Caitlin Clark, tí gbogbo ayé mọ̀ nígbà náà gẹ́gẹ́ bí ìràwọ̀ bọ́ọ̀lù àwọn obìnrin ní yunifásítì. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kìíní ọdún 2024, Ohio State na ẹgbẹ́ rẹ̀, Iowa, ní àmì 100 sí 92 lẹ́yìn àfikún àkókò. Òun nìkan ti ju àmì 45 sínú àwọ̀n. Bí ó ti ń sáré kúrò lórí pápá ni òun àti ọmọbìnrin kan tí ń sáré wọlé forí gbárí, ó sì ṣubú lulẹ̀. Ó sọ lẹ́yìn náà pé òun kò rí i rárá kí ó tó kọlù òun. Mo wo fídíò náà lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọbìnrin tí ó kọlù ú kò ní ibi kankan lọ́kàn. Iwájú rẹ̀ kọ́ ni ó ń wò. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀rù ti bà mí.

Ti àtijọ́ náà kò ṣọ̀wọ́n. Ní oṣù Kejì ọdún 2015, nígbà tí Kansas State borí Kansas, èrò há Bill Self, akọ́nimọ̀ọ́gbá àwọn àlejò, mọ́ ara tábìlì àwọn akọ̀wé eré, ọ̀dọ́mọkùnrin kan sì fi èjìká kọlu ọ̀kan nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn kan náà, lẹ́yìn tí Iowa State fi àmì kan ṣoṣo borí Iowa, akọ̀ròyìn kan tí ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ lẹ́bàá pápá ṣẹ́ lẹ́sẹ̀. Èyí tí n kò lè gbàgbé nínú gbogbo rẹ̀ kì í tilẹ̀ ṣe ti yunifásítì. Ní ìlú Tucson, ní ìpínlẹ̀ Arizona, ní oṣù Kejì ọdún 2004, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama kan tí ọjọ́ orí rẹ̀ jẹ́ 18 gbá bọ́ọ̀lù dáadáa títí ẹgbẹ́ rẹ̀ fi borí. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tirẹ̀ sáré wá bá a yọ̀. Wọ́n gbé e ṣubú, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, iṣan ẹ̀jẹ̀ ọrùn rẹ̀ ya, àrùn rọpárọsẹ̀ sì mú apá ọ̀tún ara rẹ̀. Yunifásítì Stanford ti ń dúró dè é láti wá gbá bọ́ọ̀lù aláfọwọ́gbá fún wọn. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni ó ṣe é, kì í ṣe ọ̀tá.

Àwọn àgbà wa ní àyọ̀jù ni àkèré fi ń ṣẹ́ nítan. Òwe náà bá ọ̀rọ̀ yìí mu, ṣùgbọ́n ó kù síbì kan. Itan ara rẹ̀ ni àkèré ṣẹ́. Lórí pápá tí mo ń wí yìí, ẹni tí ń yọ̀ lè padà sílé láìní ìpalára, kí ẹni tí kò ní ìdí kankan láti yọ̀ máa tiro lọ.

Síbẹ̀, n kò fẹ́ kí ẹ rò pé mo kórìíra ayọ̀ náà. Irọ́ ni yóò jẹ́. Bí mo bá rí i, ara mi máa ń bù máṣọ. Ní oṣù Kìíní ọdún 2013, nígbà tí North Carolina State borí Duke, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan tí ó wà nínú kẹ̀kẹ́ àwọn abirùn bá àwọn yòókù wọ pápá. Kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dojú dé láàárín èrò. C.J. Leslie, agbábọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ onílé, ni ó rí i, tí ó fà á sókè kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ pa, tí ó sì gbá a mọ́ra. Ẹni tí ó bá wo àwòrán yẹn tí ojú rẹ̀ kò rọ̀, ọkàn rẹ̀ le. Ní oṣù yẹn kan náà, láàárín ọjọ́ márùn-ún péré, Villanova borí Louisville, ó sì tún borí Syracuse, ẹgbẹ́ méjì tí wọ́n wà lára àwọn márùn-ún àkọ́kọ́ ní gbogbo Amẹ́ríkà nígbà náà. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ya bo pápá. Inú ẹgbẹ́ Villanova yẹn ni Mouphtaou Yarou wà, ọmọ orílẹ̀-èdè wa, tí wọ́n bí ní Natitingou. Mo ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi, wọn kò fẹ́ gbà á gbọ́. Wọ́n rò pé àwọn ará Lomé, Kútọnu àti Natitingou kì í dé irú ibi bẹ́ẹ̀, àfi nínú ìròyìn burúkú.

Ẹni tí ó wá sí yunifásítì fún ọdún mẹ́rin, tí ó ń san owó ilé ẹ̀kọ́ tí yóò fi ogún ọdún rán gbèsè rẹ̀, lè máà ní ohun mìíràn tí yóò dà bí alẹ́ ọjọ́ kan yẹn láyé rẹ̀. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí n kò fara mọ́ ni bí a ti ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ayọ̀ àwọn tí ó borí nìkan ni ó wà nínú gbọ̀ngàn náà.

Ẹ wo eré àṣekágbá ọdún 1983 ní ìlú Albuquerque. Ọmọ Yorùbá kan wà níbẹ̀, Hakeem Ọlájùwọ́n, tí wọ́n bí ní Èkó ní 1963. Bọ́ọ̀lù aláfọwọ́jù àti iṣẹ́ aṣọ́lé nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni ó ń ṣe ní ilé ẹ̀kọ́ kí ó tó mọ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀. Yunifásítì Houston ni ó ń gbá a fún ní ọdún náà, gbogbo ènìyàn sì gbà pé Houston ni yóò gba ife. Àmì 52 sí 52 ni wọ́n wà nígbà tí ọmọ North Carolina State kan ju bọ́ọ̀lù láti ọ̀nà jíjìn. Bọ́ọ̀lù náà kò dé ibi tí ó ń lọ. Lorenzo Charles fò sókè, ó gbà á lójú òfúrufú, ó sì tẹ̀ ẹ́ wọ inú àwọ̀n bí aago ti ń parí. Lójú ẹsẹ̀ ni pápá kún. Jim Valvano, akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, ń sáré síwá sẹ́yìn, ó ń wá ẹni tí yóò gbá mọ́ra. Ó ti lé ní 40 ọdún tí wọ́n ti ń fi àwòrán yẹn hàn lórí tẹlifíṣọ̀n ní gbogbo oṣù Kẹta. Èmi náà ti wò ó ju ìgbà mẹ́wàá lọ kí n tó wá bi ara mi pé ọmọ Èkó wa dà? Ó wà níbẹ̀. Òun ni wọ́n tilẹ̀ yàn gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù tí ó ta yọ jù lọ nínú ìdíje náà, bí ẹgbẹ́ rẹ̀ tilẹ̀ pàdánù. Ṣùgbọ́n ojú ẹ̀rọ kò wá a, ojú tiwa náà kò wá a. Ẹni tí ó pàdánù ti di ara ilẹ̀ pápá.

Ìyẹn mú mi rántí ohun kan tí tẹlifíṣọ̀n máa ń ṣe. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá sá wọ pápá láàárín eré, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n máa ń yí ojú kámẹ́rà kúrò lára rẹ̀, kí àwọn ẹlòmíràn má baà fi í ṣe àwòkọ́ṣe. Bí ẹgbẹ̀rún ènìyàn bá wọ̀ ọ́, wọn a gbé kámẹ́rà sókè kí a lè rí gbogbo wọn dáadáa. Bẹ́ẹ̀ ni òfin náà kò dọ́gba. Ní oṣù Kejì ọdún 2014, ní ìlú Lubbock, Marcus Smart ti Oklahoma State ṣubú sáàárín àwọn òǹwòran. Ọ̀rọ̀ di ọ̀rọ̀ láàárín òun àti ọkùnrin kan níbẹ̀, ó sì tì í. Eré mẹ́ta ni wọ́n fi í sílé láìgbá. Mo rò pé ó tọ́. Àmọ́ bí agbábọ́ọ̀lù kò bá gbọdọ̀ fọwọ́ kan òǹwòran, kí ni ó dé tí òǹwòran fi lè gbé gbogbo ara rẹ̀ kọlu agbábọ́ọ̀lù, tí a ó sì pè é ní àṣà ilé ẹ̀kọ́?

Àwọn kan ní kí wọ́n mọ ọgbà. Ọ̀rọ̀ ọgbà yìí ní ìtàn tí ó yà mí lẹ́nu. James Naismith ni ó dá eré náà sílẹ̀ ní Springfield ní oṣù Kejìlá ọdún 1891, apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi ń kó èso ni ó sì kàn mọ́ ara bákónì gbọ̀ngàn ìdárayá. (Àwọn ọmọ wa ń pè é ní básíkẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n ẹ wò ó bí orúkọ rẹ̀ lédè wa ti gbé apẹ̀rẹ̀ Naismith pamọ́ fún wa.) Nígbà náà, bí bọ́ọ̀lù bá jáde, ẹni tí ó bá kọ́kọ́ mú un ni ó ni ín, nítorí náà àwọn agbábọ́ọ̀lù máa ń bẹ́ sáàárín òǹwòran láti lọ já a gbà. Kò pẹ́ tí àwọn tí ń gbá a fún owó fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọ̀n onírin tàbí ti okùn yí gbogbo pápá ká bí àgò adìyẹ. Inú àgò yìí ni wọ́n ti ń gbá a fún ọ̀pọ̀ ọdún, irin náà sì máa ń gé wọn lára. Nígbà tí ó yá, wọ́n wó o dànù. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọgbà irin ni wọ́n fi dá àwọn òǹwòran bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ lẹ́kun kí wọ́n má baà wọ pápá. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin ọdún 1989, ní Hillsborough, ní ìlú Sheffield, èrò pọ̀ jù lẹ́yìn ọgbà kan, wọn kò sì rí ibi sá sí. Ènìyàn 97 ni ó kú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wó ọgbà wọn. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá dárúkọ ọgbà fún mi, n óò ní kí ó jọ̀wọ́ ronú lẹ́ẹ̀kan sí i. Pápá tí kò ní ọgbà ni ọ̀nà àbáyọ fún àwọn òǹwòran bí ewu bá dé bá àwọn gan-an.

Owó ìtanràn ni àwọn aláṣẹ Amẹ́ríkà yàn. Ẹgbẹ́ àwọn yunifásítì gúúsù tí wọ́n ń pè ní SEC fi í sí dọ́là 100,000 fún ẹ̀ṣẹ̀ àkọ́kọ́ ní 2023, 250,000 fún ìkejì, àti 500,000 fún ìkẹta. Ní 2025 wọ́n sọ gbogbo rẹ̀ di 500,000, ìbáà jẹ́ àkọ́kọ́. Ní owó sẹ́fà, ó lé ní mílíọ̀nù 250. Bí eré náà bá jẹ́ láàárín ara wọn, ẹgbẹ́ àlejò ni yóò gba owó náà. Ẹgbẹ́ ACC, tí Duke àti Wake Forest wà nínú rẹ̀, kò ní ìtanràn kankan lọ́jọ́ tí Filipowski fara pa. Láti sáà 2025 sí 2026 ni ó bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀, láti 50,000 dé 200,000.

Ẹ má jẹ́ kí iye owó yìí dẹ́rù bà yín. Mo ti jẹ́ olùkọ́ pẹ́ tó láti mọ̀ pé ìyà tí a fi jẹ bàbá kò dé ara ọmọ. Ẹni tí ń sáré sọ̀kalẹ̀ kò san nǹkan kan. Yunifásítì ni ó ń san, ó sì lè jẹ́ pé inú àwọn kan níbẹ̀ dùn láti san án, nítorí pé àwòrán alẹ́ ọjọ́ yẹn yóò pe akẹ́kọ̀ọ́ tuntun wá. Jay Bilas, tí ó gbá bọ́ọ̀lù fún Duke tẹ́lẹ̀ tí ó sì ń sọ̀rọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n báyìí, dá a lábàá pé kí wọ́n dá gbogbo àwọn tí ó bá wọ pápá dúró síbẹ̀, kí wọ́n kọ ìwé ẹ̀ṣẹ̀ fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo lóye ohun tí ó ń bí i nínú, ṣùgbọ́n ọlọ́pàá mélòó ni yóò di ọmọ ẹgbẹ̀rún mẹ́ta mú láìṣe ẹnikẹ́ni léṣe?

Èyí tí ó wù mí nínú òfin wọn kì í ṣe owó náà. Nínú òfin SEC ti 2025, bí ilé ẹ̀kọ́ bá lè dá èrò dúró títí àwọn àlejò àti àwọn adájọ́ eré yóò fi kúrò lórí pápá, wọ́n lè má san ìtanràn rárá. Ọ̀rọ̀ àsìkò ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ èèwọ̀. Wọn kò ní kí ẹnikẹ́ni má yọ̀. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé ta ni yóò kọ́kọ́ kúrò níbẹ̀.

Ó ní ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi wọ̀ mí lára tó báyìí. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, mo mú àwọn ọmọbìnrin ilé ẹ̀kọ́ wa lọ gbá básíkẹ́ẹ̀tì ní ilé ẹ̀kọ́ kan tí n kò ní dárúkọ. Pápá wọn kì í ṣe pákó, sìmẹ́ńtì ni, sìmẹ́ńtì tí ó ti là síbí sọ́hùn-ún. A pàdánù ní àmì méjì. Mo ti dìde láti pe àwọn ọmọ mi jọ nígbà tí gbogbo àgbàlá ilé ẹ̀kọ́ náà dà sórí pápá lẹ́ẹ̀kan náà, pẹ̀lú ìlù, pẹ̀lú fèrè, pẹ̀lú ewé igi lọ́wọ́. Ọ̀kan nínú àwọn tiwa, ọmọ Terminale, ṣubú sílẹ̀, ẹlòmíràn sì ṣubú lé e. Ọrùn ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ṣẹ́. Ó ku oṣù méjì kí ó ṣe BAC.

Ọ̀gá ibẹ̀ sọ fún mi lórí fóònù pé àwọn ọmọdé ń yọ̀ ni, kí a má ka ọ̀rọ̀ náà sí. Ìyá ọmọ náà, tí ó ń ta gàrí lọ́jà, wá bá mi ní ilé ẹ̀kọ́ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Mo ti múra sílẹ̀ fún ariwo. Kò pariwo.

“Màdáàmù, mi ò bá yín jà,” ni ó wí. “Ẹ ṣáà sọ ẹni tó ṣe é fún mi. Ta ni kí n lọ bá?”

“Ìyá, ẹ má bínú,” ni mo dáhùn. “Èrò ni. Wọ́n pọ̀.”

“Wọ́n pọ̀,” ni ó tún wí, bí ẹni tí ń tọ́ ọ̀rọ̀ náà wò. “Ẹni tó bá pọ̀ kò lórúkọ nìyẹn.”

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni ọwọ́ ọmọ náà fi wà nínú pláátà. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ń gba ara wọn láyè láti kọ ìwé fún un, òun náà ń fi ọwọ́ òsì kọ́ bí a ti ń kọ lẹ́tà bí ọmọ ọdún mẹ́fà. Ó yege, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n kò tún fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù mọ́, bẹ́ẹ̀ ni òun ni ó dára jù nínú gbogbo wọn. Mo bi í léèrè nígbà kan. Ó ní kì í ṣe ọwọ́ ni ó ń dun òun. Ohùn àwọn tí ń sáré bọ̀ ni òun ṣì ń gbọ́.

Bí àwọn ènìyàn bá sọ fún mi pé kò sí bí a ti lè dá èrò tí inú rẹ̀ ń dùn dúró, ojú agbo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Kétu níbí ni mo máa ń ní kí wọ́n wá wò. Èrò ibẹ̀ kò kéré, inú rẹ̀ kì í sì í bà jẹ́. Kò sí àwọ̀n irin. Àwọn ọkùnrin díẹ̀ tí wọ́n mú ọ̀pá lọ́wọ́ ń rìn yí agbo ká, tí agbo bá ti ń há, wọn a fi ọ̀pá nalẹ̀, gbogbo ènìyàn a sún sẹ́yìn, àti ọmọdé àti àgbà. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi owó dá oníjó lọ́lá a wọlé, a ná an, a sì jáde. Níbi egúngún, atọ́kùn ni ó wà fún irú iṣẹ́ yìí, pàṣán rẹ̀ kì í sì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. N kò ní kí a gbé pàṣán lọ sí North Carolina. Ohun tí mo ń wí ni pé èrò tí ó mọ ààlà rẹ̀ ni ẹnì kan ti kọ́ ní ààlà náà ṣáájú ọjọ́ eré. Ọmọ wa ti mọ̀ ọ́n kí ó tó pé ọdún mẹ́wàá. Kí ni ó wá dé tí ọmọ kan náà, bí ó bá ti gbé aṣọ ilé ẹ̀kọ́ wọ̀, tí ó wà lẹ́bàá pápá básíkẹ́ẹ̀tì, a máa ṣe bí ẹni tí kò gbé àárín ènìyàn rí?

Lọ́dún yìí, ọ̀dọ̀ wa ni àwọn àlejò ń bọ̀. Wọ́n fi ètò pápá sí ìkáwọ́ èmi àti olùkọ́ eré ìdárayá. A ti ra okùn. A ti yan ọmọ 12 nínú àwọn tí ó ga jù ní Première àti Terminale, tí wọn yóò dojú kọ èrò, tí wọn yóò sì kẹ̀yìn sí eré. (Ìyẹn le fún wọn ju bí mo ti rò lọ: mẹ́ta ti bẹ̀bẹ̀ pé kí a yọ àwọn kúrò.) Bí aago bá dún, àwọn àlejò ni yóò kọ́kọ́ gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ ilé ìkàwé jáde, lẹ́yìn náà àwọn adájọ́, gbogbo ilé ẹ̀kọ́ yóò sì máa ka oókà sókè títí okùn yóò fi sọ̀kalẹ̀.

Mo lọ sọ ọ́ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi. Ọmọbìnrin kan nawọ́, ó ní, “Màdáàmù, ayọ̀ tí a ní kí ó dúró, ṣé ayọ̀ ni ó ṣì jẹ́?” N kò rí ìdáhùn tí ó tẹ́ mi lọ́rùn fún un, n kò sì tíì rí i di òní. Mo kàn sọ ti ọmọ tí ó fi ọwọ́ òsì kọ ìwé fún wọn, àwọn kan lára wọn mọ̀ ọ́n. Wọ́n dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni ìnájà bẹ̀rẹ̀. Oókà 60 ni mo kọ́kọ́ pè. Wọ́n ní kí n jẹ́ kí ó jẹ́ 10. A nà án, a dín in, ó dé orí 30. Mo gbà, ṣùgbọ́n mo ní èdè Yorùbá ni gbogbo wa yóò fi kà á, kì í ṣe Faransé. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dán an wò ni ọmọkùnrin kan lẹ́yìn fò dìde, tí ó ní, “Ẹ ti rẹ́ wa jẹ, Màdáàmù! ‘Vingt-sept’ kò tó ìdajì ‘mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n’!”